Mo Fi Bírò Pa Ọ̀gá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Morẹ́nikẹ́ ti pa èèyàn rí, ẹ má bá a jiyàn. Òótọ́ ni. Bírò aláwọ̀ búlúù ni mo fi ṣe é, ní ọ̀sán gangan, nínú ọ́fíìsì ilé ìwé kan ní Òkukù. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, kò sì ṣẹ̀ mí rárá.

Ẹ má tíì pe ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi ná, kẹ́ ẹ wá dá a bó bá ṣe wù yín.

Màámi Ọlọ́rundáre lorúkọ ẹni tí mo pa. Àwọn ló ni ilé ìwé aládàáni tí mo ti ṣe tíṣà fún ọdún méjì ààbọ̀ ní Inísà. Màámi ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, àti òbí àti tíṣà. Láràárọ̀, aago méje ò ní tíì lù tí wọ́n á ti dúró sẹ́nu géètì. Bí tíṣà bá pẹ́ dé, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn na ọwọ́ tí aago wà síwájú kó rí i fúnra rẹ̀. Èmi ni mo rí aago yẹn jù nínú gbogbo wa.

Àmọ́ àwọn náà ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo ti kàwé jáde, mo ń rò pé mo mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi, tí wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ tí kò dá lẹ́tà kan mọ̀ títí yóò fi máa ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀ nílé.

Kí wá ni mo fi san oore yẹn? Lọ́dún tó kọjá, ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò táámù kẹta, ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní iṣẹ́ wà, ọ́fíìsì tó ní éésì, ọjọ́ Ajé ni kí n bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Màámi lórí wáàsáàpù: "Mà, mi ò ní lè wá mọ́. Ẹ ṣé." Lẹ́yìn náà mo búlọ́ọ̀kù nọ́ńbà wọn, torí mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn wọn, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi kúrò ní Inísà. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ pírámárì fọ́ọ̀ tí mi ò tíì máàkì, inú àpò lábẹ́ tábìlì mi ni mo fi í sí.

Ẹ ò bi mí léèrè iṣẹ́ Ìbàdàn? Tíì ni wọ́n ní kí n máa tà. Tíì kan tó ń wo ẹ̀yìn ríro, ojú dídùn àti àgàn, nínú páálí kan ṣoṣo. Láàárín oṣù mẹ́ta, èyí tí mo fúnra mi mu ju èyí tí mo tà lọ. Mo bá padà sí Ìkìrun, mo há mọ́ ọ̀rẹ́ mi Fọláfúnmi nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé, tó tún ti ń ránṣọ níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá ti wáṣẹ́ dé, ìbéèrè kan náà ni. "Níbo lo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn? Ta la lè pè níbẹ̀?" Ilé ìwé kan ní Ìbà fẹ́ràn mi gan-an, wọ́n fi bísíkítì àti mínírà ṣe mí lálejò. Bí wọ́n ṣe ní kí n lọ gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ ọ̀gá mi àtijọ́ báyìí, mo ní, "Ó dáa, mà," mo dìde, mo lọ, mi ò sì padà dé ibẹ̀ mọ́ títí di òní.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó sílé. Fọláfúnmi ń bọ́ mi, kò sì fi ọ̀rọ̀ gún mi lára, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń bọ́ mọ ara rẹ̀. Bí ó bá bu ọbẹ̀, ojú ẹran ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá ó ti kéré sí ti àná.

Nígbà náà ni mo gbọ́ nípa Alàgbà Mákánjúọlá ní Òkukù.

Bàbá náà ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Kàdúná títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn ò tíì pé ọdún kan nílé tí wọ́n fi dá ilé ìwé tiwọn sílẹ̀. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà, ọ̀rọ̀ wọn tutù, ìwà wọn gún. Ìgbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n ń wá. Èmi, Morẹ́nikẹ́ onítíì, ìgbákejì ọ̀gá! Mo ti ń wo orúkọ mi lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì lójú àlá.

Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọ kan níwájú àwọn. Mo kọ́ wọn, mo fi orin sí i, mo fi eré sí i. Alàgbà fúnra wọn ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n mú mi lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan sí mi níwájú, wọ́n ní, "Kọ ìwọ̀nyí sí i, ọmọ mi. Mo ti rí ohun tí mò ń wá."

Mo kọ orúkọ. Mo kọ ọjọ́ orí. Mo kọ ilé ìwé tí mo lọ. Ọwọ́ mi ń sáré.

Ó wá ku ìlà kan. "Orúkọ ọ̀gá tí o ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀."

Mo lè fi sílẹ̀ lófìfo, àmọ́ Alàgbà jókòó sí iwájú mi gan-an, ojú wọn sì wà lára bírò náà. Mo lè kọ nọ́ńbà Fọláfúnmi. Ó ti sọ tipẹ́ pé òun á ṣe ọ̀gá fún mi bí mo bá fẹ́, àmọ́ Fọláfúnmi ò lè parọ́ kó má bú sẹ́rìn-ín. Mo sì lè kọ òótọ́ síbẹ̀. Bí mo bá kọ òótọ́, wọ́n á pe Màámi, Màámi á sì sọ ti àpò abẹ́ tábìlì.

Mo bá kọ orúkọ Màámi. Bírò ò dúró. Ó padà síwájú orúkọ náà, ó sì kọ "Olóògbé" síbẹ̀. Mo fa ìlà wẹ́rẹ́ sójú ibi tí nọ́ńbà yẹ kó wà.

Ó parí. Mo ti pa wọ́n.

Alàgbà ka fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Háà! Ọ̀gá rẹ ti ṣaláìsí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nígbà wo?"

"Oṣù kejì ọdún yìí, sà."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

Ta ló ń múra sílẹ̀ fún irú ìbéèrè yìí? "Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, sà."

"Àìsàn burúkú," ni Alàgbà wí. Wọ́n bá dìde. Èmi náà dìde. Wọ́n di ojú, wọ́n gbàdúrà fún ẹ̀mí Màámi, kí Olúwa tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín, mo tún ṣe àmín. Ó ṣeé ṣe kí Màámi máa bá ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì wí ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an.

"Ó dùn mí pé kò sí ẹni tó máa jẹ́rìí rẹ," ni Alàgbà wí. "Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ká wo oṣù kan ná. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á jẹ́rìí fún ọ."

Mo fò délé. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo bá Fọláfúnmi. Mo rò ó fún un, mo ń rẹ́rìn-ín, òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó dá ẹ̀rọ dúró.

"O ní ta ló kú?"

"Màámi."

"Màámi Inísà? Àwọn tí mo rí ní báńkì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí wọ́n ń bá síkúríítì jà pé wọ́n já ìlà?"

"Fọláfúnmi, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe!"

"Hẹn-ẹn. Morẹ́nikẹ́, wọ́n ní irọ́ ò lẹ́sẹ̀. Èyí tó o pa yìí lẹ́sẹ̀ o, ó sì ń fi rìn káàkiri Inísà." Ó já òwú. "Òkú tí kò kú, ibo lo fẹ́ sin ín sí?"

Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa á ti rí wàhálà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti Ìkìrun dé Òkukù, ọkọ̀ kankan ò lè ṣe kó má gba Inísà kọjá. Lójoojúmọ́, ní àlọ àti àbọ̀, ẹnu ọ̀nà ẹni tí mo pa ni mò ń gbà. Bí a bá ti ń sún mọ́ Inísà báyìí, mo ti da ìborùn borí, mo ti ń ṣe bí ẹni tó ń gbàdúrà. Lọ́jọ́ kan kórópe dúró kó gbé èrò, kí n gbójú sókè báyìí, Màámi rèé létí títì, wọ́n ń ra búrẹ́dì! Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní yẹtí mi já bọ́. Obìnrin tó jókòó tì mí bá mi wá yẹtí náà títí a fi dé Òkukù, Ọlọ́run á san án fún un.

Ti ilé ìwé tún ń bẹ. Ní ọjọ́ Ajé tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, Alàgbà to gbogbo ọmọ síta, wọ́n ní, "Àǹtí yín tuntun wà nínú ọ̀fọ̀. Ọ̀gá wọn ti lọ sinmi. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Àwọn ọmọ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ di ojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ orin ìsìnkú, àwọn kéékèèké ń fi ọwọ́ gbá itan sí i. Àwọn tíṣà ń tò wá kí mi. "Ẹ kú ìrọ́jú o, Àǹtí." "Ọlọ́run ò ní jẹ́ a rí irú ẹ̀ mọ́." Mo ń dúpẹ́. Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Iṣẹ́ náà sì dùn, kí n má purọ́ mọ́. N kò pẹ́ dé rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ méje kan wà ní pírámárì tírì tí wọn ò mọ̀wé kà. Mo kó wọn jọ lábẹ́ igi máńgòrò ní àkókò ìsinmi, bí Màámi ṣe kọ́ mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin nínú wọn ti ń kà. Alàgbà ń wò mí láti ojú fèrèsé, wọ́n ń mi orí.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n pè mí.

"Èmi àti ìyá ilé ti jíròrò," ni wọ́n wí. "Ohun tí a ṣe ò bójú mu. Ẹni tí obìnrin yẹn kọ́ níṣẹ́ wà lọ́dọ̀ wa, ó ń ṣe wá láǹfààní, a ò sì tíì lọ kí àwọn ẹbí wọn."

Mo sáré ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, sà. Ó ti pẹ́."

"A kì í pẹ́ jù láti kíni kú àṣẹ̀yìndè."

"Wọ́n ti ti ilé, sà. Àwọn ọmọ wọn ti padà sí Èkó."

"Ilé ìwé wọn ńkọ́? Ṣé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ti tì í pa, sà."

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo pa ìyá, mo lé àwọn ọmọ lọ sí Èkó, mo tún ti ilé ìwé tó lọ́mọ igba pa, láàárín ìṣẹ́jú kan.

Alàgbà ní, "Ó mà ṣe o." Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Ibi tí mo ti ṣìnà gan-an rèé, àfi bí ẹni tí wọn ò bí sílẹ̀ Yorùbá. A lè gbọ́ pé wọ́n bímọ, ká fi í di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A lè gbọ́ pé wọ́n kọ́lé, ká má tilẹ̀ lọ. Àmọ́ ta ló tó sọ fún àgbàlagbà pé kó má lọ kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀? Bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ tì, ó fẹ́ kí àwọn aládùúgbò rí i pé òun wá.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alàgbà ń lọ sí ìpàdé kan ní Ìkìrun. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Inísà, wọ́n ra búrẹ́dì ńlá méjì dání. Wọ́n lọ bá àwọn ọlọ́kadà ní gáréèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo nilé Màámi Ọlọ́rundáre tó ṣaláìsí?"

"Màámi onílé-ìwé?" Ọlọ́kadà náà fò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀. Màámi ló kọ́ ọ níwèé. "Wọ́n ti kú? Yéè! Màámi mi o!"

Bẹ́ẹ̀ ni Inísà ṣe gbọ́. Wọ́n ní kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn obìnrin fi ń ká ọwọ́ lérí. Ẹnì kan pe Adéjọkẹ́, ọmọ Màámi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ó ní kó máa bọ̀ nílé. Adéjọkẹ́ pe fóònù ìyá rẹ̀, kò wọlé. Ṣé ẹ mọ̀ pé Màámi kì í tan fóònù wọn bí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́? Ọmọ náà bá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó sáré jáde.

Alàgbà, tí wọn ò mọ iná tí wọ́n dá sílẹ̀, tọ ọ̀nà tí wọ́n júwe fún wọn. Wọ́n bá géètì ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n ń gbọ́ ariwo ọmọ nínú ilé ìwé tí mo ti tì. Ìyá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán, mà. Mo wá kí àwọn ẹbí Màámi Ọlọ́rundáre kú àṣẹ̀yìndè ni."

Màámi wò wọ́n, wọ́n wo búrẹ́dì.

"Èmi ni Màámi Ọlọ́rundáre. Ìgbà wo ni mo lọ?"

Mi ò sí níbẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe dé ilé ìwé ní Òkukù, géètìmáànì ní Alàgbà ń pè mí. Mo rò pé iṣẹ́ tó máa di ti gbére ni wọ́n fẹ́ bá mi sọ. Mo tún gèlè mi ṣe. Mo kanlẹ̀kùn, mo wọlé.

Òkú jókòó sórí àga.

Orúnkún mi ló kọ́kọ́ gbọ́n, ó ti kanlẹ̀ kí èmi tó mọ̀. Màámi jókòó ṣánṣán, àpò wọn wà lórí itan wọn. Adéjọkẹ́ dúró sẹ́yìn àga. Bàtà tó wọ̀ kúrò ní Ìbàdàn náà ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀tún pupa, òsì dúdú. Bàtà yẹn ni mo tẹjú mọ́, torí mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Dìde," ni Màámi wí. "Wọn kì í kúnlẹ̀ kí òkú."

Mi ò dìde.

"Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Kí ló pa mí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru, mà."

"Hùn. Látàná ló ti ń ru lóòótọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Adéjọkẹ́ ló sọ̀rọ̀.

"Morẹ́nikẹ́, mo sunkún láti Ìbàdàn dé Òṣogbo. Àwọn tí a jọ wà nínú ọkọ̀ ń bá mi sunkún. Ṣé o mọ ohun tí mò ń rò? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò pe màámi mi. Mo ní mo máa pè wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, iṣẹ́ ò jẹ́. Mo ní mo ti wá pẹ́ jù." Ó nu ojú. "Mo bá wọn lẹ́nu géètì, wọ́n ń na aago sí mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà yẹn ló tó wọ̀ mí lára. Títí di ìgbà náà, eré ni mo fi ń ṣe. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ẹkún ọgbọ́n.

Màámi ṣí àpò, wọ́n yọ àpòòwé kan tí etí rẹ̀ ti gbó, wọ́n nà án sí Alàgbà.

"Ẹ bá mi kà á síta."

Alàgbà gbé awò ojú wọ̀. Oṣù keje ọdún tó kọjá ló wà lórí lẹ́tà náà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo sá lọ.

"'Sí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn. Morẹ́nikẹ́ ṣe tíṣà lọ́dọ̀ mi fún ọdún méjì ààbọ̀. Ó máa ń pẹ́ dé. Bí wọ́n bá bá a wí, ó máa ń yọ ṣùtì. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére, èyí ò dára, mo sì ti bínú sí i. Àmọ́ mi ò tíì rí ọ̀dọ́ tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà tó o. Ẹni tó bá gbà á á jàǹfààní rẹ̀. Bí ẹ ò bá sì gbà á, ẹ ní kó máa bọ̀ wálé lọ́dọ̀ mi.'"



"Mo pè ọ́ kó o wá gbà á," ni Màámi wí. "Kò wọlé. Mo tún pè. Mo ní bóyá fóònù rẹ ló bàjẹ́. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀, mo ní ọjọ́ kan, wàá wá. Ìwé ìdánwò rẹ, mo máàkì í. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko."

Ọdún kan gbáko ni mo fi sá fún lẹ́tà tí mò ń wá kiri. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà ní gbogbo ìgbà tí mò ń fi ìborùn borí kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Alàgbà ká lẹ́tà náà pọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ká ní o mú èyí wá, Morẹ́nikẹ́, n bá gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Pẹ̀lú pípẹ́ dé, pẹ̀lú ṣùtì. Ta ni kò ní àléébù?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àmọ́ mo to ọmọ ọlọ́mọ síta, mo ní kí wọ́n di ojú gbàdúrà fún òkú tí kò kú. Kí ni kí n wí fún wọn? Ìwọ ló máa sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, kó o máa lọ, ọmọ mi."

Mo dúró níwájú àwọn ọmọ náà. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀ láyé mi, mi ò rí èyí tó le tó o. Mo ní, "Ẹ rántí ọ̀gá mi tí mo sọ pé wọ́n kú? Wọn ò kú. Irọ́ ni mo pa, torí mo fẹ́ kí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọmọ kan ní pírámárì tuu na ọwọ́ sókè. "Àǹtí, ṣé àdúrà wa ló jí wọn?"

Màámi dá a lóhùn láti ẹ̀yìn mi. "Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti jí." Àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ìsinmi. Àwọn méje tí mo máa ń kó sábẹ́ máńgòrò ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n kàn ń wò mí ni, ojú wọn yẹn ni mo ń rí títí di òní.

Inú kórópe kan náà ni a jọ bá padà. Nígbà tí a dé Inísà, mo rọra bi Màámi bóyá ọ̀rọ̀ tó wà nídìí lẹ́tà náà ṣì dúró, ti pé kí n máa bọ̀ wálé.

"Ó dúró fún oṣù mẹ́fà," ni wọ́n wí. "Mo ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀ ní oṣù kìíní." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n mú lẹ́tà náà lọ, wọ́n ní àwọn máa tún un kọ, torí nǹkan ti yí padà nínú rẹ̀.

Fọláfúnmi ò ní, "Ṣebí mo sọ fún ọ." Ó bu ọbẹ̀ fún mi, ẹran inú rẹ̀ jẹ́ méjì. Mo tún sunkún lórí ìyẹn náà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ilé ìwé kan ní Ìkìrun gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Ìlà yẹn tún wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n dákun, mo ń bọ̀. Mo jáde sí kọ́ríidọ̀, mo ṣí nọ́ńbà Màámi tí mo ti búlọ́ọ̀kù, mo pè é. 

"Ta ló ń pe olóògbé?"

"Èmi ni, mà. Morẹ́nikẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé mo lè fi orúkọ yín sí fọ́ọ̀mù?"

 "Fi sí i. Fi nọ́ńbà mi náà sí i. Bí wọ́n bá pè, gbogbo ẹ̀ ni n ó sọ."

"Gbogbo ẹ̀, mà?"

"Gbogbo ẹ̀. Tó fi mọ́ ikú mi."

Mo padà wọlé, mo kọ orúkọ wọn pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Mi ò kọ ohunkóhun síwájú rẹ̀.

Wọ́n pè wọ́n lóòótọ́. Ọ̀gá tuntun sọ fún mi pé ìyá náà sọ̀rọ̀ títí káàdì àwọn fi tán. "Wọ́n sọ bó o ṣe sá lọ, wọ́n sọ bó o ṣe pa wọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, 'Mà, ṣé kí n wá gbà á?' Wọ́n ní kí n gbà ọ́, pé irọ́ tó o pa ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n ju èyí tí àwọn lè kọ́ ọ lọ. Àmọ́ wọ́n ní kí n ra aago."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wáṣẹ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹ dágbére níbi iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ń kúrò, bí inú tilẹ̀ ń bí yín. Ẹ pe ọ̀gá yín àtijọ́ kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ wọn sórí ìwé. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín pé wọ́n á sọ, ó lè jẹ́ òótọ́, ẹ ò sì ní kú sí i. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ọmọ ọlọ́mọ kú sójú ọ̀nà Ìbàdàn nítorí rẹ̀.

Ó ti di àṣà mi báyìí, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń pe Màámi. Adéjọkẹ́ sọ fún mi pé òun náà ń pè, pé èmi ni mo sábà máa ń ṣáájú òun. Màámi kì í dúró kí n kí wọn tán. Bí wọ́n bá ti gbé e báyìí, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ.

"Mo ṣì wà o."

Èmi náà á kúnlẹ̀ níbi tí mo bá wà, bí wọn ò tilẹ̀ rí mi, màá ní, "Ẹ ó pẹ́ fún wa, mà."